Lẹ́tà sí Gbogbo Ẹni Tí Wọ́n Pè Síbi Ìgbéyàwó ní Èkó

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ tí ìwé ìpè wà lọ́wọ́ yín,

Iṣẹ́ oúnjẹ òde ni mò ń ṣe nílùú Èkó. Nígbà tí ẹ̀yin bá wà nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Sátidé, tí ìlù ń dún, ẹ̀yìnkùlé nídìí iná ni àwa wà. Ibẹ̀ la ti máa ń kọ́kọ́ mọ̀ bóyá òde kan máa dáa, nítorí pé iye èèyàn tí wọ́n sọ fún wa pé ó ń bọ̀ àti iye tó jókòó gan-an ló ń sọ bí ọjọ́ náà ṣe máa rí. Ohun tí ojú mi ń rí níbẹ̀ ló jẹ́ kí n kọ̀wé sí yín.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo wá bẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó pè yín mọ̀ bóyá ẹ ń bọ̀, kí ó sì mọ̀ pé ẹ̀yin mélòó lẹ ń bọ̀. Tí ẹ bá sì ti sọ ọ́, kí ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ yín. Mo ní ìmọ̀ràn mìíràn lórí aṣọ, lórí ọ̀nà, lórí owó, ṣùgbọ́n èyí ni olórí wọn.

Láyé àwọn ìyá wa, inú agboolé la ti ń ṣe ìnáwó. Àwọn ìyàwó ilé ló ń pọnmi, àwọn ló ń gún iyán, àwọn ló ń dáná. Bí èrò bá pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, wọ́n á gbé ìkòkò mìíràn kaná, ẹni tó ń kọjá lọ á sì yà jẹun. Ọmọlúàbí ni ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ṣì ń rí bẹ́ẹ̀ láwọn ìlú wa kan títí dòní. Ṣùgbọ́n nínú àwọn gbọ̀ngàn tí ẹ ń wọ̀ ní Lekki, ní Òrégùn àti ní Ìkẹjà, àga la fi ń ka gbọ̀ngàn, orí la fi ń ka oúnjẹ, tábìlì la fi ń ka ọtí. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń ṣe ìpápánu, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń sun ẹran ewúrẹ́, ọ̀tọ̀ ni àwọn tó ń ro àmàlà lójú ẹsẹ̀, olúkúlùkù wọn ló sì ń béèrè pé, "Èèyàn mélòó?" Owó tó pọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ òbí ìyàwó àti ti ọkọ kí ọjọ́ tó pé. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ tó ń kó ìkòkò wa, owó gáàsì àti owó ìrẹsì ti lọ sókè débi pé ẹbí tó bá fẹ́ se oúnjẹ ogún èèyàn lé máa ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Bí wọ́n bá sọ fún mi pé ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ń bọ̀, oúnjẹ ọ̀ọ́dúnrún ni mo máa sè, pẹ̀lú ìwọ̀nba tí mo máa ń fi kún un nítorí ará ilé. Bí irínwó bá wá jókòó, ebi á pa ọgọ́rùn-ún èèyàn. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti ṣàkíyèsí: kì í sábà ṣe àwọn tí ẹnikẹ́ni kò pè ni ebi ń pa. Mo-gbọ́-mo-yà mọ ẹnu ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà jáde, wọ́n á ti mú àga síbẹ̀ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà tó wọ ọkọ̀ láti Ìkìrun tàbí Ọ̀fà, tó jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yìn nítorí pé kò mọ ẹni tó máa bá sọ̀rọ̀, òun ni kì í rí jẹ. Nítorí náà, bí wọ́n bá pe ẹ̀yin nìkan, tí ẹ sì kó ọ̀rẹ́ mẹ́rin dání, àwo oúnjẹ ìyá yìí lẹ gbà.

Ẹni tó ní òun ń bọ̀ tí kò sì wá, èmi kò rí i bí ẹni tó kàn sinmi sílé. Owó oúnjẹ rẹ̀ ti wọlé, wọ́n ti san án. Bí igba èèyàn bá jókòó níbi tí a ti se oúnjẹ ọ̀ọ́dúnrún, inú kúlà la máa ń kó ìyókù sí ní alẹ́, nínú ooru àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á sì ti kan kó tó dé ibi tí wọ́n fẹ́ pín in sí. Mo ti rí òbí tó dúró ti irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, tí kò lè sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ wa ṣe ń lọ, kí ẹ lè mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ yín ṣì lè wúlò. Ọjọ́rú ni mo máa ń gba iye ìkẹyìn lọ́wọ́ ẹbí. Ọjọ́bọ̀ la ń lọ sọ́jà: ata àti tòmátì ní ọjà Mile 12, màlúù ní ọjà Kara. Òru Jímọ́ mọ́jú Sátidé la ń dáná. Nítorí náà, bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ tí ẹ kò ní lè wá mọ́, ìpè orí fóònù kan ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun á jẹ́ kí a dín in kù. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ bá fi ránṣẹ́ ní àárọ̀ Sátidé, àforíjì ló lè tọrọ, kò lè dá owó kankan padà. Ẹ má ṣe rò pé ìtìjú ni láti sọ pé ẹ kò ní lè wá. Àwọn ẹbí tí mo ń bá ṣiṣẹ́ máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá ń ka ara yín, ẹ ka àwọn ọmọ yín, kí ẹ sì bi ẹni tó pè yín bóyá àyè wà fún wọn. Ẹ ka dírẹ́bà yín náà. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni kì í rántí rẹ̀. Ọkùnrin tó wakọ̀ láti Ìbàdàn, tó jókòó sínú ooru látàárọ̀ dalẹ́, tó sì tún máa wa yín padà, ó yẹ kó jẹun. Bí mo bá mọ̀ pé dírẹ́bà ogún ló ń bọ̀, oúnjẹ wọn kò ní wọ́n mi.

Ó yá, aṣọ ẹbí. Mo fẹ́ràn aṣọ ẹbí. Nígbà tí ẹbí bá jáde nínú àlàárì tàbí léèsì aláwọ̀ kan náà, orí mi máa ń wú. Àmọ́ aṣọ ẹbí kì í ṣe owó orí. Bí wọ́n bá fi aṣọ lọ̀ yín, tí apá yín kò sì ká a, ẹ tètè sọ ọ́, kí ẹ sì béèrè àwọ̀ ọjọ́ náà. Bùbá àti ìró tó wà nínú àpótí yín, pẹ̀lú gèlè tó bá àwọ̀ náà mu, ti tó láti yẹ́ ìyàwó sí. Èyí tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe ni kí ẹ gba aṣọ lórí àwìn, kí ẹ rán an, kí ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ má sì san owó rẹ̀ mọ́. Ìyá ìyàwó ló lọ sí ọjà Balógun, òun ló sanwó aṣọ náà fún oníṣòwò, gbèsè yín sì ti di gbèsè tirẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ rán aṣọ fún òde oṣù Disẹ́ńbà kó má ṣe dúró di Disẹ́ńbà, nítorí pé àwọn ará wa láti London àti Houston ti dé nígbà náà, gbogbo Sátidé ni ìnáwó wà, àwọn télọ̀ kì í sì í sùn.

Níbi yìí, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin ẹbí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin kọ́ ni mo kọ̀wé sí. Ẹ má ṣe sọ fún wa mọ́ pé kí a má gbé oúnjẹ fún ẹni tí kò ra aṣọ. Ẹ̀yin lẹ pè é. Bí ẹ bá fún un ní ìwé ìpè, ẹ ti fún un ní oúnjẹ.

Lórí ọ̀nà, ẹ wo orúkọ àdúgbò inú ìwé ìpè dáadáa kí ẹ tó ṣètò. Ìgbéyàwó kan lè ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Ìkẹjà kí gbọ̀ngàn rẹ̀ wà ní Victoria Island. Afárá Third Mainland tó wà lójú ọ̀nà yẹn nìkan gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 12, bí ọkọ̀ kan bá bàjẹ́ lórí rẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn lè má rí ibi yà sí. Tí agbára yín kò bá gbé méjèèjì, ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ sì sọ èyí tí ẹ yàn fún ẹni tó pè yín. Èmi á ní kí ẹ yan ibi tí wọ́n ti ń so ọkọ àti ìyàwó pọ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti nílò àdúrà yín jù, ibẹ̀ sì ni àga ti máa ń ṣófo jù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ọkọ̀ ojú irin wà láti Móníyà dé Ẹ̀bùtè Mẹ́ta láti ọdún 2021, ó sì ń gba èèyàn lọ́wọ́ wàhálà ojú ọ̀nà márosẹ̀. Nínú Èkó fúnra rẹ̀, reluwé aláwọ̀ búlúù tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ń lọ láti Mile 2 sí Marina, aláwọ̀ pupa sì ń lọ láti Agbado sí Oyingbo láti oṣù kẹwàá ọdún 2024. Káàdì Cowry lẹ máa fi wọ reluwé méjèèjì yìí, ẹ rà á ṣáájú ọjọ́. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀kadà pé òun ló máa gbé yín dé ẹnu ọ̀nà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Eti-Osa, níbi tí Victoria Island, Ikoyi àti Lekki wà, àti ní Ìkẹjà, Súrùlérè àti àwọn mìíràn. Tí ẹ bá wa ọkọ̀ ara yín wá, ẹ béèrè ibi ìgbọ́kọ̀sí kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ sí etí títì lè jáde kó bá a pé àwọn òṣìṣẹ́ LASTMA tó ń darí ọkọ̀ ti wọ́ ọ lọ, ẹni tó sì yà sí ojú ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì BRT máa san owó ìtanràn. Àgbàlagbà tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kó wọ Èkó ní Jímọ́, kó sùn lọ́dọ̀ ìbátan. Ẹ má jẹ́ kí ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún jí ní agogo mẹ́ta òru torí òde ọmọ ẹlòmíràn.

Lórí àkókò, mo mọ ohun tí gbogbo wa máa ń sọ: agogo mẹ́wàá inú ìwé, agogo méjìlá ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sílẹ̀. Òfin Ìgbéyàwó ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé láàárín agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ sí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ so èèyàn pọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba, níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Ní ọ́fíìsì ti Ikoyi, àwọn ọkọ àti ìyàwó mìíràn ti ń dúró lẹ́yìn tiyín, bí ẹ̀yin ẹlẹ́rìí bá sì pẹ́, ẹ máa fún ẹlòmíràn láyè. Bí wọn kò bá dìídì pè yín sí ọ́fíìsì yẹn, ẹ pàdé wọn níbi àsè, nítorí pé àyè ibẹ̀ kò gba èrò. Ìso yìgì ní mọ́sáláṣí kì í pẹ́ rárá. Ẹni tó bá fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ́ lè bá àlùfáà lẹ́nu àdúrà ìkẹyìn. Kí obìnrin bo irun rẹ̀, kí gbogbo èèyàn wọ bàtà tó rọrùn láti bọ́. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jẹ́ kí gèlè mọ níwọ̀n, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè rí pẹpẹ, kí ẹ sì jókòó nígbà tí ìyàwó bá ń wọlé. Ẹni tó gba iṣẹ́ fọ́tò wà níbẹ̀, ẹ̀yìn yín àti fóònù yín kọ́ ni ìyàwó fẹ́ rí nínú àwòrán rẹ̀. Níbi ìdána, ẹ mọ ẹni tó pè yín. Alága ìjókòó ń ṣojú ẹbí ìyàwó, alága ìdúró ń ṣojú ẹbí ọkọ. Ẹ̀gbẹ́ ẹni tó pè yín ni kí ẹ jókòó sí, nítorí pé ìyẹn náà ni wọ́n fi ń pín oúnjẹ.

Wákàtí ni wọ́n fi ń háyà gbọ̀ngàn. Ẹ̀yin tí ẹ bá dé ní agogo mẹ́rin síbi àsè agogo kan, adarí ètò ti dúró dè yín, àkókò náà sì ti kọjá. Ẹbí ló ń san owó àfikún.

Ẹ fi nǹkan sẹ́nu kí ẹ tó kúrò nílé, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò sí bí a ṣe lè yára tó, oúnjẹ lè má dé ọ̀dọ̀ yín kí ẹ tó jókòó tó wákàtí méjì. Ẹ mú oògùn yín dání.

Mo wá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọmọ tó ń gbé oúnjẹ fún yín, èyí sì ká mi lára. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ẹni tó ń fi owó ọjọ́ kan náà gbọ́ bùkátà ọ̀sẹ̀ kan. Láti agogo márùn-ún ìdájí ni wọ́n ti wà lórí ìdúró. Àwọn kọ́ ló ń pinnu tábìlì tí oúnjẹ máa kọ́kọ́ dé, ẹbí àti èmi ni. Síbẹ̀, àwọn ni wọ́n ń bú, àwọn ni wọ́n ń fa aṣọ wọn ya, àwọn ni àgbàlagbà ń béèrè lọ́wọ́ wọn pé, "Ṣé o mọ̀ mí?" Bí oúnjẹ kò bá tíì kàn yín, ẹ rọra pe ọ̀kan nínú wọn, ẹ sọ tábìlì yín fún un, yóò padà wá bá yín. Bí ẹ kò bá jẹ ẹja, ẹ sọ ọ́ kí ó tó gbé e kalẹ̀. Ẹ má gba àwo mẹ́ta nígbà tí ará tábìlì kejì kò tíì rí ọ̀kan. Ẹni tó fẹ́ gbé oúnjẹ lọ sílé fún ọmọ tàbí fún aláìsàn kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó dúró di ìgbà tí gbogbo èèyàn ti jẹ, kí ó sì mú abọ́ tirẹ̀ wá. Ìjọba Èkó ti fòfin de àwo fúyẹ́fúyẹ́ funfun tí a máa ń di oúnjẹ sí tẹ́lẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2024, a kì í ní in mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà lórí ẹ̀bùn tí wọ́n ń pín: abọ́ tàbí ike tí wọ́n kọ orúkọ tọkọtaya sí kò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ ti ẹlòmíràn ṣubú.

Lórí owó, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Nínú Òfin Ilé Ìfowópamọ́ Àpapọ̀ ilẹ̀ wa ti ọdún 2007, fífọ́n náírà lé ẹni tó ń ṣe ìnáwó lórí níbi òde àti jíjó lórí rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ kò dín ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn ₦50,000, tàbí méjèèjì. Àwọn tó ń ta owó tuntun lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà ń rú òfin yìí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi rò pé ìwé lásán ni. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó dá òṣèré Oluwadarasimi Omoseyin lẹ́bi lórí ẹ̀sùn yìí, wọ́n ní kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kó san ₦300,000. Ní oṣù kẹrin ọdún kan náà, Idris Okuneye tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Bobrisky gba ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí ẹ̀sùn kan náà, láìsí àǹfààní owó ìtanràn. Fídíò orí fóònù sì wà níbi gbogbo.

Mo mọ bí owó nínáni ti ṣe pàtàkì tó fún wa. Ìyá tí wọn kò ná lówó níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ lè rò pé àwọn èèyàn òun kò ka òun sí. Ẹ lè ṣe é láìrú òfin: ẹ jó lọ síwájú, kí ẹ ju owó sínú apẹ̀rẹ̀ tàbí àpò tí wọ́n gbé síbẹ̀, tàbí kí ẹ fi í sínú àpòòwé, kí ẹ kọ orúkọ yín sí i, kí ẹ fi lé ẹbí tí ẹ mọ̀ lọ́wọ́. Èyí tó dára jù lọ lójú tèmi ni kí ẹ fi owó náà ránṣẹ́ sí àkáǹtì wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni òbí ń wá ohun tó máa fi san ìyókù owó gbọ̀ngàn, tí fóònù rẹ̀ kò sì ní dákẹ́. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà nígbà yẹn wúlò ju ìdì owó tuntun tó fọ́n ká ilẹ̀ lọ.

Ẹ tètè kúrò. Ẹ kí ìyàwó, ẹ kí ọkọ, ẹ kí àwọn òbí, kí ẹ sì gbọ̀nà ilé kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá. Ẹ bọ́ góòlù kí ẹ tó wọ ọkọ̀, kí ẹ má mú fóònù dání létí fèrèsé nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kí ẹ má sì wọ ọkọ̀ èrò tí kò sí nínú gáréèjì. Bí ẹ bá pe Uber tàbí Bolt, ẹ fi ìrìn náà ránṣẹ́ sí ẹnìkan nílé. Ẹni tó ti mutí kó má wakọ̀.

Ìwé ìpè tó wà nílé yín lónìí, ẹnìkan ń dúró de èsì rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè é kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, kí ẹ sọ fún un pé, "Mò ń bọ̀, àwa méjì ni," tàbí, "N kò ní lè wá, Ọlọ́run á jẹ́ kó yẹ yín."

Èmi ni tiyín,
Olóúnjẹ òde kan ní Èkó